Jẹrà Kì í Ṣe Bàjẹ́: Àyẹ̀wò Ìtumọ̀ àti Ìlò Ọ̀rọ̀ Ìdíbàjẹ́ nínú Èdè Yorùbá àti Twi Kumasi, pẹ̀lú Ìtọ́kasí sí Ìtàn Àròsọ Ayi Kwei Armah

Àṣamọ̀

Nínú ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lámèyítọ́ tí a fi èdè Yorùbá kọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìbàjẹ́, ni a fi ń pe gbogbo ohun tí ó bá ti kúrò ní ipò rere, ìbáà jẹ́ ẹran, ìbáà jẹ́ ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ìjọba. Àpilẹ̀kọ yìí fi hàn pé bàjẹ́ àti jẹrà yàtọ̀ ní gírámà àti ní ìtumọ̀. Bàjẹ́ ní àyè fún olùṣe, ó sì ní àtúnṣe. Jẹrà kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó súnmọ́ èyí wà láàárín sɛe àti porɔ nínú Twi tí a ń sọ ní Kumasi. A lo ìyàtọ̀ náà láti tún ìtàn àròsọ Ayi Kwei Armah ti ọdún 1968 kà, àti láti yẹ ìdájọ́ tí àwọn lámèyítọ́ ṣe lé e lórí wò. Ní ìparí, àpilẹ̀kọ yìí dábàá pé kí lámèyítọ́ máa yan ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìṣọ́ra, nítorí pé ẹni tí ó bá pe ìlú ní ohun tí ó jẹrà ti sọ pé kò ní àtúnṣe.

1.0 Ìfáárà

Orúkọ ìlú Kumasi fúnra rẹ̀ jẹ mọ́ kókó tí àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò. Nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Asante, Okomfo Anokye, tí ó jẹ́ àwòrò fún Osei Tutu, gbin igi kum sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láti mọ ìlú tí yóò di olú-ìlú. Ibi tí igi náà ti yè ni a ń pè ní Kumasi, ìyẹn abẹ́ igi kum. Ibi tí ó ti kú ni a ń pè ní Kumawu, ìyẹn igi kum kú. Yálà bí ó ti ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ohun tí ó kan onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe kan pàtó ni ìtàn náà yàn fún igi tí kò yè. Ọ̀rọ̀ náà ni wu, tí ó túmọ̀ sí kú. Ìtàn kò sọ pé igi náà sɛe, bí ẹni pé ẹnì kan bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé ó porɔ, bí ẹni pé ó jẹrà sórí ìdúró. Ọ̀tọ̀ ni kí nǹkan kú, ọ̀tọ̀ ni kí ó bàjẹ́, ọ̀tọ̀ sì ni kí ó jẹrà.

Ìyàtọ̀ yìí, tí ó hàn kedere sí ẹnikẹ́ni tí ń sọ èdè méjèèjì, ni ó máa ń pòórá nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ìṣèlú àti lítíréṣọ̀. Ohun tí ó fà á kò ṣòro láti tọ́ka sí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn èdè Yúróòpù ń lò fún òkú tó ń rà náà ni wọ́n ń lò fún òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gba rìbá. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, phthora, tí ó wà nínú ìwé 1 Kọ́ríńtì orí 15, gbé ìtumọ̀ méjèèjì pọ̀. Nígbà tí àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú wọn, yan ìdíbàjẹ́ àti àìdíbàjẹ́ fún ọ̀rọ̀ ara tí a sin, ìbàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ru ẹrù tí jẹrà ti ń rù tẹ́lẹ̀. Láti ìgbà náà ni ó ti rọrùn fún òǹkọ̀wé láti fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo bo ilẹ̀ ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Iṣẹ́ yìí kò sọ pé kí a dá ìlò náà dúró. Ohun tí ó ń béèrè ni pé: kí ni a pàdánù nígbà tí bàjẹ́ gbé jẹrà mì? Ìdáhùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti inú gírámà, ó gba Kumasi kọjá, ó sì dé inú lítíréṣọ̀.

2.0 Bàjẹ́ àti Jẹrà nínú Gírámà Yorùbá

Ayọ̀ Bámgbóṣé (1966) àti Ọládélé Awóbùlúyì (1978) ti ṣe àlàyé lórí àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí àbọ̀ máa ń là sí méjì, èyí tí a ń pè ní ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là. Bàjẹ́ wà lára wọn. Ẹ wo àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(1) a. Òjò ba ọ̀nà jẹ́.
b. Ọ̀nà bàjẹ́.

Ní (1a), olùwà ni ó fa ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àbọ̀ sì wà láàárín ba àti jẹ́. Ní (1b), àbọ̀ ti di olùwà, a kò sì dárúkọ ẹni tàbí ohun tí ó fà á. Síbẹ̀, àyè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ (1b) lè béèrè pé, "Kí ni ó bà á jẹ́?" tàbí "Ta ni ó bà á jẹ́?" Ìbéèrè náà bá gírámà mu, ó sì bá ọgbọ́n mu.

Jẹrà kò rí bẹ́ẹ̀:

(2) a. Ẹran jẹrà.
b. *Oòrùn jẹ ẹran rà.
c. *Oòrùn jẹrà ẹran.
d. Oòrùn mú kí ẹran jẹrà.

Gbólóhùn (2b) àti (2c) kò ṣe é sọ. Jẹrà kì í gba àbọ̀, kì í sì í là. Bí a bá fẹ́ dárúkọ ohun tí ó fà á, a ní láti wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn kún un, gẹ́gẹ́ bí (2d). Àní nínú (2d) náà, oòrùn kò jẹrà ẹran. Ó kàn ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ni, ẹran ni ó jẹrà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ (2a) kò ní béèrè pé ta ni ó jẹ ẹ́ rà. Ohun tí yóò béèrè ni pé, "Láti ìgbà wo?"

Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ ti ìyàtọ̀ yìí lẹ́yìn. Láti ara ba…jẹ́, èdè Yorùbá ti ṣẹ̀dá orúkọ fún olùṣe: abanijẹ́ ni ẹni tí ń ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́; ọ̀bayéjẹ́ ni ẹni tí ń ba ayé jẹ́. Láti ara jẹrà, jíjẹrà àti ìjẹrà ni a rí, tí wọ́n jẹ́ orúkọ ìṣẹ̀lẹ̀. Kò sí ẹni tí ń pe ènìyàn ní *ajẹrà. Èdè kò ṣẹ̀dá orúkọ fún olùṣe níbi tí kò ti sí olùṣe.

Irú ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè bá rìn tún yàtọ̀. Ọ̀nà, ẹ̀rọ, iṣẹ́, orúkọ, ọjà, àní inú ènìyàn pàápàá, lè bàjẹ́. Ohun tí ó ti ní ẹ̀mí tàbí tí ó hù láti inú ilẹ̀ ni ó ń jẹrà: ẹran, ẹja, èso, iṣu, pákó, òkú. Mọ́tò tí ó dá dúró lójú ọ̀nà bàjẹ́ ni, kò jẹrà. Yàtọ̀ sí méjèèjì yìí, Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí ó ṣe wẹ́kú fún ohun kọ̀ọ̀kan: ọbẹ̀ a máa kan, búrẹ́dì a máa bu, ẹyin a máa di ọ̀bu, egbò a máa kẹ̀, irin a máa dógùn-ún, ewé a máa rẹ̀, aṣọ a máa ṣá. Èdè tí ó ya gbogbo ìwọ̀nyí sọ́tọ̀ kò lè jẹ́ èdè tí kò bìkítà nípa ọ̀nà tí nǹkan gbà ń lọ sílẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí ó wúwo jù ni ti àtúnṣe. Ohun tí ó bàjẹ́, a lè tún un ṣe: a ń tún ọ̀nà ṣe, a ń tún ẹ̀rọ ṣe, ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́, a lè tù ú nínú. Ohun tí ó jẹrà, dídànù ni. Bí ó bá ṣe oore kankan, ajílẹ̀ ni yóò dà fún ohun mìíràn láti hù. Kò sí ẹni tí ń tún ẹran tí ó jẹrà ṣe. Láti ibí yìí lọ, ìtọ́jú tí a rò pé ó tọ́ sí nǹkan ti wà nínú ọ̀rọ̀ tí a fi pè é.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra fún àṣìṣe kan níbí. Nítorí pé jẹ hàn nínú bàjẹ́, jẹrà, jẹjẹrẹ àti jẹgúdújẹrá, ó rọrùn láti sọ pé ọ̀rọ̀ jíjẹ kan náà ni ó wà nínú gbogbo wọn. Ohùn kò gbà bẹ́ẹ̀. Jẹ tí a fi ń jẹun ní ohùn àárín; jẹ́ inú bàjẹ́ ní ohùn òkè, ohùn náà kì í sì í yí padà, àbọ̀ ìbáà wà láàárín, ìbáà má sí. Rà tí ó wà nínú jẹrà ní ohùn ìsàlẹ̀, a sì lè dá a lò, bí a ṣe ń sọ pé ẹran ti rà. Rá tí ó wà nínú jẹgúdújẹrá ní ohùn òkè. Ẹni tí ó bá pa ohùn tì tí ó sì so gbogbo wọn mọ́ra ti ń ṣe eré ọ̀rọ̀, kò ṣe ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè.

3.0 Sɛe àti Porɔ ní Kumasi

Àkọtọ́ Twi fi ɔ àti ɛ kọ ìró tí Yorùbá ń fi ọ àti ẹ kọ, nítorí náà kò ní ṣòro fún òǹkàwé Yorùbá láti ka àwọn àpẹẹrẹ wọ̀nyí:

(3) a. Wasɛe adeɛ no. 'Ó ti ba nǹkan náà jẹ́.'
b. Adeɛ no asɛe. 'Nǹkan náà ti bàjẹ́.'
(4) Nam no aporɔ. 'Ẹran náà ti jẹrà.'

Sɛe dàbí bàjẹ́ ní ti pé ó lè gba àbọ̀, ó sì lè ṣe aláìgbàbọ̀. Kò là bí bàjẹ́ ti ń là, ṣùgbọ́n àyè olùṣe wà nínú rẹ̀ bákan náà. Porɔ, tí wọ́n ń kọ ní porɔw ní Akuapem, dàbí jẹrà: inú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ni ó wà. A kò lè sọ pé èdè kan yá ìyàtọ̀ yìí lọ́wọ́ èkejì, nítorí pé àwọn ọ̀rọ̀ náà kò jọ ara wọn ní ìró. Ohun tí a lè sọ ni pé èdè méjèèjì ka ìyàtọ̀ náà sí ohun tí ó tó yà sọ́tọ̀.

Ibi tí wọ́n ti pínyà náà ní ẹ̀kọ́ nínú:

(5) a. sɛe din 'ba orúkọ jẹ́'
b. sɛe sika 'fi owó ṣòfò'
c. sɛe berɛ 'fi àkókò ṣòfò'

Ní (5a), èdè méjèèjì jọ rìn. Ní (5b) àti (5c), Twi ń bá a lọ pẹ̀lú sɛe, Yorùbá sì yà sí ọ̀nà ṣòfò. Èyí fi hàn pé pápá sɛe gbòòrò ju ti bàjẹ́ lọ: ohun tí a ná sí ibi tí kò yẹ ti sɛe, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé owó náà kò fàya. Fún ọmọ Kumasi, ìjọba tí ó ná owó ìlú ní ìnákúnàá ti sɛe owó náà, láìsí àfiwé kankan nínú rẹ̀. Fún ọmọ Yorùbá, ìjọba náà fi owó ìlú ṣòfò, ìlú ni ó sì bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ kan ni Twi fi so ohun tí a ṣe mọ́ ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Yorùbá fi ọ̀rọ̀ méjì yà wọ́n.

Ibi méjì wà ní Kumasi tí ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí lẹ́nu iṣẹ́ lè lọ. Àkọ́kọ́ ni Suame Magazine, níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹkáníìkì, wẹ́dà àti alágbẹ̀dẹ ti ń tún ọkọ̀ ṣe, tí wọ́n sì ń rọ àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni ibùdó ìmọ̀ ẹ̀rọ ti yunifásítì Kumasi, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1972, dá ẹ̀ka kan sí ní ọdún 1980 láti máa fi iṣẹ́ ọwọ́ tuntun kọ́ àwọn oníṣẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣe kókó ní Suame ni sɛe, èkejì rẹ̀ sì ni siesie, ìyẹn kí a tún nǹkan ṣe. Mọ́tò tí ó ti sɛe tọ́ sí siesie. Orí ìgbàgbọ́ yẹn ni gbogbo àdúgbò náà dúró lé. Èkejì ni ọjà ńlá tí ó wà ní Kejetia, níbi tí tòmátì, iṣu àti ẹja ti ń wọlé láti ọ̀nà jíjìn. Níbẹ̀, porɔ ni ẹ̀rù ọlọ́jà. Tòmátì tí ó bá ti porɔ kò ní siesie. Ọgbọ́n tí ó wà fún un ni kí a tètè tà á, kí a ṣà á kúrò láàárín àwọn tó kù, tàbí kí a dà á nù.

4.0 Ìtàn Àròsọ Armah: Bàjẹ́ tàbí Jẹrà?

Ayi Kwei Armah, tí wọ́n bí ní Takoradi ní ọdún 1939, gbé ìtàn àròsọ rẹ̀ àkọ́kọ́, The Beautyful Ones Are Not Yet Born, jáde ní ọdún 1968. Akọ̀wé ilé-iṣẹ́ rélùwéè kan tí kò ní orúkọ ni olú ẹ̀dá-ìtàn. Ó kọ̀ láti gba rìbá, ìyàwó rẹ̀, Oyo, àti ìyá ìyàwó rẹ̀ sì ń kẹ́gàn rẹ̀ nítorí pé Koomson, tí wọ́n jọ jẹ́ ọ̀rẹ́ nílé ìwé, ti di mínísítà tí ó lówó. Ní ìparí, àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Kwame Nkrumah ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 1966, Koomson sì gba ojú ihò ṣáláńgá sá lọ.

Kò sí lámèyítọ́ tí ó ka ìwé yìí tí kò sọ̀rọ̀ nípa òórùn, ẹ̀gbin àti ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó kún inú rẹ̀. Nígbà tí a bá sì ń ṣe àlàyé rẹ̀ ní Yorùbá, gbólóhùn tí ó sábà máa ń jáde ni pé ìwà ìbàjẹ́ ni ìwé náà dá lé. Gbólóhùn náà kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò tó. Ìran kan wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà tí ó fi ibi tí kò tó sí hàn. Akọ̀wé náà ń gun àtẹ̀gùn ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì kan igi tí a ń gbá mú gòkè. Wọ́n ti fi pólíìṣì kun igi náà léraléra, ṣùgbọ́n ẹ̀gbin ọwọ́ àwọn ènìyàn ń bò ó, igi fúnra rẹ̀ sì ń rà láti inú wá. Òǹkọ̀wé jẹ́ kí ó yé wa pé kò sí ìgbà tí pólíìṣì yóò borí, nítorí pé bí igi ti rí nìyẹn.

Bí a bá fẹ́ túmọ̀ ìran yìí sí Yorùbá, bàjẹ́ yóò ṣi ìtumọ̀ lọ. "Igi náà ti bàjẹ́" yóò mú kí òǹkàwé béèrè ẹni tí ó bà á jẹ́, yóò sì retí gbẹ́nàgbẹ́nà tí yóò tún un ṣe. Ohun tí ìran náà ń sọ ni pé kò sí olùṣe, kò sì sí àtúnṣe. Jẹrà nìkan ni ó lè gbé e. Lọ́nà kejì, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan Koomson, tí ó fi orúkọ ẹlòmíràn ra ọkọ̀ ojú omi, tí ó sì ń fi ipò rẹ̀ kó ọrọ̀ jọ, jẹrà nìkan yóò dá a láre ju bí ó ti yẹ lọ. Ènìyàn ni Koomson, ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Ó ba ìlú jẹ́ ni.

Nítorí náà, ìwé náà ń lọ síwá-sẹ́yìn láàárín ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí èdè Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ ọ́ kò fi dandan yà sọ́tọ̀. Ẹyẹ chichidodo tí ó wà nínú ìwé náà, tí ó kórìíra ìgbọ̀nsẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ ìdin tí ń hù nínú rẹ̀, ni oríta tí méjèèjì ti pàdé. Ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹyẹ ni ó yàn láti jẹ ìdin. Ẹni tí ó bá fi ìbàjẹ́ nìkan túmọ̀ gbogbo rẹ̀ yóò pàdánù oríta náà.

Ó ṣeé ṣe láti fi ìyàtọ̀ yìí díwọ̀n ìdájọ́ tí Chinua Achebe ṣe nínú àròkọ rẹ̀ tí ó wà nínú Morning Yet on Creation Day (1975). Achebe gbà pé Armah mọ̀wé kọ, ṣùgbọ́n ó ní àìsàn kan wà nínú ìwé náà, àti pé àìsàn náà kì í ṣe ti Gánà bí kò ṣe ti ẹ̀dá ènìyàn lápapọ̀, tí òǹkọ̀wé wá gbé ka orí Gánà. Bí a bá sọ ẹ̀sùn náà ní èdè gírámà, ohun tí Achebe ń sọ ni pé Armah lo jẹrà níbi tí ó yẹ kí ó ti lo bàjẹ́: ó sọ ohun tí àwọn ènìyàn ṣe, ní ọdún kan pàtó, ní orílẹ̀-èdè kan pàtó, di ohun tí ń ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ sí gbogbo ohun tí ó wà láyé. Ẹ̀sùn náà fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ti ìran àtẹ̀gùn. Kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ti Koomson. Lámèyítọ́ kò lè fi apá kan ìwé dá gbogbo rẹ̀ lẹ́bi.

Àfiwé pẹ̀lú iṣẹ́ Yorùbá yóò mú kí ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ yéni. Nínú eré Saworoidẹ (1999) àti Agogo Èèwọ̀ (2002), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání sì gbé jáde, ìlú Jogbo wà nínú ìnira nítorí ìjẹkújẹ àwọn aláṣẹ. Síbẹ̀, ìlú náà kò jẹrà. Àwọn kan ni wọ́n da májẹ̀mú tí ó wà láàárín ọba àti ìlú, a mọ̀ wọ́n, wọ́n sì ní orúkọ àti oyè. Agogo èèwọ̀ sì wà tí a lè lù láti fi wá òótọ́. Orí bàjẹ́ ni gbogbo ètò ìtàn náà dúró lé: olùṣe wà, àtúnṣe wà. Agbára rẹ̀ nìyí, ibi tí ó kù sí náà sì nìyí, nítorí pé òǹwòran lè rò pé bí a bá ti mú àwọn ìjòyè burúkú kúrò, gbogbo nǹkan ti dára. Armah kò gba ìrètí yẹn láyè. Ní òpin ìwé rẹ̀, lẹ́yìn tí ìjọba ti yí padà, awakọ̀ kan ṣì ń fi owó há ọlọ́pàá lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Jẹrà ni ó jẹ́ kí Armah rí èyí. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó lè rí, ó sì ní ohun tí ó fọ́jú sí.

5.0 Nígbà tí Ọ̀rọ̀ Bá Di Ìdájọ́

Ohun tí ó wà nínú ìyàtọ̀ yìí ju ti ìwé kíkà lọ. Láàárín ọdún 1972 sí 1978, nígbà ìjọba Acheampong, ọ̀rọ̀ tuntun kan gba gbogbo Gánà kan: kalabule. Ó túmọ̀ sí èrè àjẹjù, ọjà fífi pamọ́ àti gbogbo ọgbọ́n àyínìke tí a fi ń pọ̀ ní owó nígbà ọ̀wọ́n. Ìjọba ń fi òfin de iye owó ọjà, owó sídì ń gba agbára ju bí ó ti tọ́ lọ lórí ìwé, ìwé àṣẹ tí a fi ń kó ọjà wọlé sì ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó mọ aláṣẹ. Ẹni tí ó gba ọjà ní iye ìjọba tí ó sì tà á ní iye ìta ti di ọlọ́rọ̀. Kalabule pe gbogbo ìwà wọ̀nyí ní orúkọ kan, láti ọ́fíìsì títí dé orí àtẹ.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní oṣù Kẹfà ọdún 1979, orí àtẹ ni ìyà pọ̀ sí. Àwọn sọ́jà kọlu àwọn obìnrin ọlọ́jà, ní Kumasi àti níbòmíràn, wọ́n fi agbára ta ọjà wọn ní ẹ̀dínwó; ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ, wọ́n wó ọjà Makola ní Accra palẹ̀. Gracia Clark, nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn obìnrin ọjà Kumasi (1994), ti ṣe àlàyé bí àwọn ọlọ́jà ṣe ń gbé pẹ̀lú ìfòòró àwọn ìjọba tó tẹ̀ lé ara wọn. Bí a bá wo ohun tí àwọn sọ́jà ṣe, kì í ṣe ìṣe ẹni tí ó gbàgbọ́ pé ọjà bàjẹ́. Ẹni tí ó gbà pé ọjà bàjẹ́ yóò wá ohun tí ó bà á jẹ́, yóò sì dé ìdí òfin iye owó àti ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá ń wó ọjà palẹ̀ ti kà á sí ohun tí ó jẹrà, tí dídànù nìkan tọ́ sí. Ìyàtọ̀ tí Suame àti Kejetia ń pa mọ́ lójoojúmọ́ ni agbára ìbọn pa rẹ́.

Àwọn Yorùbá ti mọ ìtọ́wò irú ìdájọ́ yìí ṣáájú ìgbà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí wọ́n kúrò ní Gánà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti àwọn ìlú mìíràn, tí púpọ̀ nínú wọn ti bímọ sí Kumasi, Accra àti Tamale, di ẹrù wọn. Ọrọ̀ ajé kò dára, a sì wá ẹni tí ó bà á jẹ́ láàárín àwọn tí kò lè dìbò. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983, Nàìjíríà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ Gánà, báàgì alápòótí tí wọ́n fi kó ẹrù sì gba orúkọ tí ó ń jẹ́ títí di òní, Ghana Must Go. Níbi méjèèjì, àṣìṣe tí ó wà nínú bàjẹ́ ni ó hàn: ọ̀rọ̀ tí ó ní àyè fún olùṣe a máa jẹ́ kí a wá olùṣe ní dandan, bí a kò bá sì rí èyí tí ó tọ́, a óò mú èyí tí ó wà nítòsí. Bàjẹ́ lè dá aláìmọwọ́mẹsẹ̀ lẹ́bi, gẹ́gẹ́ bí jẹrà ti lè dá ẹlẹ́bi sílẹ̀.

6.0 Ọ̀nà Kẹta: Ohun tí Ń Jẹ Láti Inú

Yorùbá kò fi wá sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ méjì yìí nìkan. Òwe kan sọ pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Obì, tí ó jẹ́ ọjà tí igbó Asante fi ń bá Salaga àti ilẹ̀ Haúsá ṣòwò ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, kò bàjẹ́ láti ọwọ́ àjèjì nínú òwe yìí, kò sì jẹrà fúnra rẹ̀. Olùṣe wà, ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni. Iṣẹ́ rẹ̀ sì ni jíjẹ, ní ohùn àárín, láìsí iyèméjì.

Orí ìpìlẹ̀ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí ó gbajúmọ̀ nínú ìròyìn Yorùbá dúró lé: ìwà jẹgúdújẹrá àti ìwà àjẹbánu. Ìtumọ̀ gbogbo ẹ̀yà jẹgúdújẹrá kò hàn gbangba mọ́, ṣùgbọ́n jẹ tí ó wà nínú rẹ̀ nígbà méjì ń ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ẹni tí ń sọ ọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sàn ju ìwà ìbàjẹ́ lọ nítorí pé wọ́n tọ́ka sí ìṣe kan pàtó: ẹnì kan jẹ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Twi Kumasi náà ní irú rẹ̀ nínú kɛtɛasehyɛ, ìyẹn kí a fi nǹkan sí abẹ́ ẹní, tí a fi ń pe rìbá. Bí Yorùbá ti tẹjú mọ́ ẹnu tí ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni Twi tẹjú mọ́ ọwọ́ tí ń fi nǹkan pamọ́. Àbẹ̀tẹ́lẹ̀ súnmọ́ ti Twi, nítorí pé ẹni tí ń fúnni ni ó tọ́ka sí.

Fún ohun tí ó ń lọ sílẹ̀ láìsí jíjẹ, ìjórẹ̀yìn wà, fún ohun tí ó ń pàdánù ipò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìdẹnukọlẹ̀ sì wà, fún èyí tí ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan. Lámèyítọ́ tí ó bá kọ̀wé pé "ètò ẹ̀kọ́ ti bàjẹ́" ní láti mọ̀ pé òun ti ṣèlérí láti sọ ẹni tí ó bà á jẹ́. Bí kò bá ní ẹni tí yóò dárúkọ, ìjórẹ̀yìn ni ó yẹ kí ó lò. Bí ó bá lo jẹrà, ó ti sọ pé kí a dà á nù, kí ó sì múra láti dúró ti ọ̀rọ̀ rẹ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Àpilẹ̀kọ yìí ti fi hàn pé bàjẹ́ àti jẹrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì fún ohun kan. Ìlà tí àbọ̀ ń la bàjẹ́, ìṣẹ̀dá abanijẹ́ àti ọ̀bayéjẹ́, àti ìbéèrè "ta ni ó bà á jẹ́?" fi hàn pé olùṣe ní ibùgbé nínú rẹ̀. Jẹrà kò ní irú ibùgbé bẹ́ẹ̀. Sɛe àti porɔ ti Kumasi tẹ̀ lé ìlànà kan náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sɛe gba òfò mọ́ra. Nípa ìyàtọ̀ yìí, a rí i pé ìtàn àròsọ Armah gbé ìran méjì pọ̀, àti pé ẹ̀sùn Achebe kan ìran kan ju èkejì lọ.

Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ní ẹkùn yìí. Ó yẹ kí a wo irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí nínú Ewe, Gã, Fɔn àti Haúsá, kí a sì mọ èyí tí ó ya olùṣe sọ́tọ̀ àti èyí tí kò yà á. Ó yẹ kí àwọn tó ń ṣe àkójọ ọ̀rọ̀ fún ilé ìròyìn jẹ́ kí àlàyé wọn fi ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lè bá rìn hàn, kí wọ́n má kàn fi ìbàjẹ́ ṣe ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀. Mẹkáníìkì Suame mọ ohun tí ó tọ́ sí àtúnṣe. Ìyálọ́jà Kejetia mọ ohun tí ó tọ́ sí dídànù. Ẹni tí ń kọ̀wé nípa ìlú kò gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n kéré sí wọn.